Títún kọ́ńtíráàsì ṣe nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun ti òkè àti pápá

Kọ́ńtíráàsì fọ́tò ni bí ibi tó dúdú jù nínú ẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tó funfun jù, àti bí àwọn tó wà láàárín ṣe pín síra. Nínú fọ́tò aláwọ̀, pupa ilẹ̀ àti ewé tútù lè gba èèyàn lójú débi tí ò ní mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yọ àwọ̀ kúrò, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù, tíyẹn náà ò bá wá yàtọ̀ síra, gbogbo ẹ̀ á kàn rí bí eérú.

Ní Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya, ohun tó máa ń jẹ kọ́ńtíráàsì jù ni ọyẹ́. Láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, atẹ́gùn máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Èèyàn á dúró ní títì Àbújá sí Kàdúná lápá Màdàlá, Zuma Rock tó ga gàgàrà yẹn, tí wọ́n yà sẹ́yìn owó 100 náírà, á wá dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Ohun tó fà á ni pé eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ìmọ́lẹ̀ yẹn á sì bọ́ sórí ibi tó yẹ kó dúdú. Torí náà dúdú ni ọyẹ́ ń bàjẹ́ ṣáájú, kì í ṣe funfun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ fi kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ọyẹ́ torí pé ó rí rẹ́súrẹ́sú, ṣe ló ń dá kún un.

Hísítógíráàmù, ìyẹn gíráàfù kékeré tó wà nínú áàpù ẹ̀dítì, ló máa ń fi èyí hàn kíákíá. Fọ́tò JPEG ní ìpele 256, láti 0 tó jẹ́ dúdú pátápátá dé 255 tó jẹ́ funfun. Fọ́tò ọyẹ́ sábà máa ń kó jọ sáàárín bí òkìtì, apá òsì tí dúdú wà á ṣófo. Wọ́n á fa àmì dúdú tó wà lábẹ́ gíráàfù náà wá síbi tí òkìtì yẹn ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fa àmì funfun díẹ̀, ó tán, òkè ti yọ nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá na ìpele díẹ̀ kó lè kún gbogbo àyè, ojú ọ̀run lè pín sí ìlà-ìlà, ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fún pọ̀ bíi JPEG: RAW oníbíìtì 12 ní ìpele 4,096, ti 14 ní 16,384.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù ni bí wọ́n ṣe ń yí àwọ̀ padà sí dúdú-àti-funfun. Tí wọ́n bá kàn pa àwọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ pupa àti koríko ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lè bọ́ sí eérú kan náà, tí èèyàn ò ní mọ ibi tí ọ̀nà gbà kọjá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi kún ìmọ́lẹ̀ pupa, tí wọ́n dín ti búlúù àti ti àwọ̀ ewé kù, ilẹ̀ pupa á funfun, koríko á ṣókùnkùn, ojú ọ̀run á dúdú, kùrukùru òjò á sì yọ síta bí òwú. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ò ní ṣàjèjì sí i, torí àwa náà máa ń sọ pé igbó dúdú minimini, a sì ń pe aṣọ aró ní aṣọ dúdú. Ayé fíìmù ni ọgbọ́n yìí ti wá, gíláàsì pupa ni wọ́n ń fi bo ojú kámẹ́rà. Ní 1927, Ansel Adams, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, lò ó níbi òkè Half Dome ní Amẹ́ríkà, ojú ọ̀run sì ṣókùnkùn lẹ́yìn àpáta náà. Òun àti Fred Archer, ayafọ́tò bíi tiẹ̀, ló tún gbé ètò zone kalẹ̀ ní nǹkan bí 1940, tó pín ìmọ́lẹ̀ fọ́tò láti 0 dé 10.

Pupa yìí ò ran eruku ọyẹ́ o. Ó máa ń gé ìkúukùu búlúù tó wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n eruku tóbi ju ìyẹn lọ, gbogbo àwọ̀ ló ń fọ́n ká pọ̀, ojú ọ̀run ọyẹ́ gan-an ò sì ní búlúù tí wọ́n fẹ́ sọ di dúdú. Ìgbà òjò, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ afẹ́fẹ́, ni Aso Rock tàbí òkè Jos máa ń gba ọgbọ́n yìí dáadáa.

Tó bá wá ku apá kan tó ṣì rí rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á tún ibẹ̀ nìkan ṣe: wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì mú ojú àpáta tí oòrùn kọ lù mọ́lẹ̀ sí i, kí wọ́n sì mú kòtò ara ẹ̀ ṣókùnkùn. Nínú àwọn áàpù ẹ̀dítì, Lightroom ní Dehaze tó ń gé kùrukùru àti Clarity tó ń mú ojú nǹkan yọ, Snapseed orí fóònù ní fílítà pupa àti Structure tóun náà ń mú ojú nǹkan yọ, GIMP tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Mono Mixer tí wọ́n fi ń pín pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù bó ṣe wù wọ́n. Dehaze ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún jù, torí tó bá pọ̀, ìlà funfun á yọ yí etí òkè ká, ojú ọ̀run á sì máa ta wóró-wóró bíi gaàrí.

Fóònù tó ń yí ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ nínú oòrùn Àbújá, fọ́tò tó dáa níta á ti ṣókùnkùn jù tí wọ́n bá wọlé, torí náà inú ilé ni kí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n pa ohun tó ń yí ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, dúdú orí pépà tó ń dán máa ń jinlẹ̀ ju ti èyí tí ò dán lọ, èyí tí ò dán yẹn ló máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣí òjìji sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ.