Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Fótò Ìbejì Tí Ọ̀kan Nínú Wọn Ti Kú

Nínú fótò àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí tọkọtaya tó dì mọ́ra wọn, nítorí ìjókòó ẹ̀yẹ ni wọ́n ń fẹ́, kí ojú kọ kámẹ́rà, kí ọwọ́ sì wà lórí orúnkún. Inú aṣọ kan náà tí ọ̀rẹ́ méjì jọ dá ni ìfẹ́ ti ń hàn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti jinlẹ̀ tó fótò ìbejì.

Bí Táíwò tàbí Kẹ́yìndé bá kú, agbẹ́gilére ni wọ́n ń bẹ̀ kó gbẹ́ ère ìbejì, kí ìyá lè máa wẹ̀ ẹ́, kó máa fi osùn pa á lára, kó sì máa fún un lóúnjẹ, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀mí kan ni àwọn méjèèjì jọ ní, èyí tó lọ sì lè wá mú èkejì bí wọ́n bá pa á tì. Nígbà tí sítúdíò dé, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì sì ti mú ọ̀pọ̀ ìdílé jìnnà sí ère, fótò gba ipò ère ní àwọn ilé kan. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní 1978.

Nígbà náà, ọmọ tó ṣẹ́ kù láàyè nìkan ló ń jókòó níwájú kámẹ́rà. Inú yàrá òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ fótò jáde, ni iṣẹ́ gan-an wà. Ayàwòrán á fi páálí bo ìdajì pépà fótò, á tan iná gba inú nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí kámẹ́rà ti ya àwòrán sí, kí àwòrán ọmọ náà lè bọ́ sórí ìdajì tó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á sún pépà, á bo ìdajì àkọ́kọ́, á sì tún tan iná gba inú nẹ́gátíìfù kan náà. Bí pépà bá wọ omi oògùn, ọmọ méjì ló ń yọ, wọ́n jókòó ti ara wọn. Ojú ìpàdé àwòrán méjèèjì ló le jù, nítorí ilà tó bá hàn níbẹ̀ á tú àṣírí iṣẹ́ náà.

Bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, yíyà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Wọ́n á ya ọmọ tó kù nínú aṣọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ ìró àti bùbá fún un, wọ́n á tún un yà gẹ́gẹ́ bí arábìnrin rẹ̀, wọ́n á sì so àwòrán méjèèjì pọ̀ sórí pépà kan. Kódà bó bá jẹ́ pé ìkókó ni èyí tó lọ nígbà tó kú, ọjọ́ orí kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ nínú fótò, tí òbí fi ń rí bí ọmọ náà ì bá ti dàgbà tó.