Massachusetts ni géèjì tí a fi ń wọn runout kèèsì ọta ti wá

Tí ẹ bá bi àwọn tó ń di ọta fúnra wọn pé ta ló mú géèjì tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọrùn kèèsì (agolo idẹ tó gba ẹ̀tù, tí orí ọta jókòó sí ọrùn rẹ̀) àti ara rẹ̀ wà lórí ìlà kan wá sáyé, ọ̀pọ̀ á ní àwọn oníbenchrest ni, àwọn tó ń gbé ìbọn lé tábìlì kí ihò márùn-ún lè wọnú ara wọn lórí bébà. Mi ò gbà. Àwọn yẹn gbé e lárugẹ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Ìlú méjì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni mo gbà pé ó bí irinṣẹ́ yìí, Waltham ló bí ojú rẹ̀, Milford ló bí ẹsẹ̀ tó dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó dáa, kó gbọ́ ìtàn yìí ná.

Ẹ jẹ́ ká rí ohun tí à ń sọ. Ẹ gbé kèèsì lé ẹsẹ̀ méjì tó rí bíi lẹ́tà V, ẹ jẹ́ kí ẹnu géèjì fara kan ọrùn rẹ̀, ẹ wá fi ìka kan yí kèèsì yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kójú yín wà lára ọwọ́ géèjì. Tí ìlà kọ̀ọ̀kan lójú géèjì bá jẹ́ 0.001 ínǹṣì, tí ọwọ́ yẹn sì rìn láti òdo dé 3 kó tó padà, runout rẹ̀, ìyẹn bí ọrùn ṣe ń yẹ̀ tó bó ṣe ń yí, jẹ́ 0.003 ínǹṣì nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ péré, 0.0015, ni ọrùn yẹn fi yẹ̀ kúrò láàárín, torí géèjì ka ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í kà níbẹ̀ yẹn.

Èrò pé kí á yí nǹkan kí á tó mọ̀ bóyá ó tọ́, ó ti pẹ́ ju ìbọn lọ. Àwọn tó ń ṣe ọfà máa ń gbé igi ọfà lé orí èékánná, wọ́n á ta á kó máa yí, èyí tó bá wọ́ á máa gbọ̀n lórí èékánná wọn. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà, torí nǹkan kan náà là ń ṣe títí dòní, irin ló kàn gba ipò èékánná. Nígbà tí ìbọn dé, àwọn èèyàn gbàgbé ọgbọ́n yẹn fúngbà pípẹ́, kò sì yà mí lẹ́nu, torí ọta rogodo ni wọ́n ń yìn, ọta rogodo ò lórí ò nídìí, ibo ló fẹ́ tẹ̀ sí? Ìgbà tí ọta gígùn dé, pàápàá ti Minié ará Faransé ní 1849, ni títẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ wàhálà. Lẹ́yìn náà ni kèèsì idẹ, ní 1866 tí Boxer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Berdan ní Amẹ́ríkà gbé práímà tiwọn, ìyẹn ohun kékeré ní ìdí kèèsì tó ń tan iná sí ẹ̀tù, jáde. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe kèèsì náà ló fa ọ̀ràn: wọ́n á gé idẹ pẹlẹbẹ róbótó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó dà bí ife, wọ́n á wá máa fà á gùn nínú ẹ̀rọ, tí irin tó ń tì í bá yẹ̀ bí irun orí lásán, ẹ̀gbẹ́ kan kèèsì á nípọn ju ìkejì lọ títí ayé rẹ̀.

Waltham wá ńkọ́? Ìlú àwọn tó ń ṣe agogo ni nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ agogo tó wà níbẹ̀ nígbà náà lókìkí torí ẹ̀rọ ló ń ṣe àwọn ẹ̀yà agogo wọn, kí èyí tí wọ́n yọ lára ọ̀kan lè wọ òmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, màíkírómítà, irinṣẹ́ oníṣúkúrù tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, tí Palmer ṣe ní Paris ní 1848 ò lè tó o, torí ojú kan ló ń dì mú, kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan ń yí. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 1883 ni John Logan ará Waltham kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí géèjì tuntun kan, òun ni bàbá ńlá géèjì olójú agogo tí gbogbo wa ń lò. Wò ó, àwọn alágogo ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìrìn kékeré di ńlá lójú agogo, ta ló tún lè ronú kàn án ṣáájú wọn?

Milford ni Dókítà Franklin W. Mann gbé, oníṣègùn ni, tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wádìí ìdí tí ọta kì í fi lọ síbi tí a rán an. Ọkùnrin yìí gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ọta kó lè wúwo sápá kan, ó to bébà sójú ọ̀nà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó yìnbọn la gbogbo wọn kọjá kó lè rí ipa tí ọta tọ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1909. Kó lè dá a lójú pé ìbọn kọ́ ló ń yẹ̀, ó fi òrùka méjì tó fẹ̀ bákan náà sára bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá ìbọn), ó wá gbé e sínú kòtò irin tó rí bíi V lórí òpó kọnkéré. Títí dòní, bárẹ́ẹ̀lì Mann ni wọ́n ń pe irú èyí tí wọ́n fi ń dán ọta wò. Nǹkan tó bá rí róbótó tí ẹ gbé sínú V, ibi kan náà láàárín ló máa ń jókòó sí bó ti wù kẹ́ ẹ yí i tó. Ẹ mú V Mann, ẹ mú agogo Logan, ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ló tún kù? Àwọn kan á ní àwọn mẹkáníìkì ti ń lo V ṣáájú Mann. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí ọta tọ́ ò kàn wọ́n.

Èyí tó kù ò gùn. Àwọn oníbenchrest dá NBRSA, ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1951, ìwé ìròyìn American Rifleman gbé iṣẹ́ A. A. Abbatiello jáde ní àwọn ọdún 1960 lórí wíwọn ọta tó tẹ̀, 6 PPC, kátíríìjì (odindi ọta pẹ̀lú kèèsì rẹ̀) tí Palmisano àti Pindell ṣe fún benchrest, dé ní 1975, gbogbo èèyàn wá rí i pé kèèsì tó tọ́ máa ń lérè. RCBS, ilé iṣẹ́ irinṣẹ́ dídi ọta tí Fred Huntington dá sílẹ̀ ní 1943 (orúkọ irinṣẹ́ tó fi ń tẹ ọta tí wọ́n fi ń pa ẹran kan tó ń jẹ́ rock chuck ni wọ́n gé kúrú), ṣe Case Master, tó tún ń wọn bí ọrùn ṣe nípọn tó. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, Sinclair gbé tiẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bẹ́árìn, Hornady ṣe èyí tó di kátíríìjì mú lórí àti nídìí, tó sì ní ṣúkúrù tí wọ́n fi ń ti ọta padà sípò.

Ìdílé méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó gbé ara kèèsì lé nǹkan bíi ti Mann, àti èyí tó di orí àti ìdí mú bíi ti léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ. Èmi ò ní ra ìkejì láti fi wo kèèsì òfìfo, torí ìdí kèèsì kì í fìgbà gbogbo gún, ihò iná tó wà ní ìdí rẹ̀ náà kì í fìgbà gbogbo wà láàárín, èyí tó bá sì yẹ̀ nínú wọn, ọrùn ni géèjì á dá lẹ́bi. Ẹ yan èyí tẹ́ ẹ ti lè sún ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn fún kèèsì gígùn àti kúkúrú, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ jẹ́ 0.001 tàbí 0.0005 ínǹṣì, kí ìdúró rẹ̀ wúwo. Tẹ́ ò bá tíì fá ọrùn kèèsì yín kó nípọn bákan náà yíká, ẹ rí i pé ẹnu géèjì yẹn lè wọ inú ọrùn, torí inú ni ọta ń jókòó sí, ìta ọrùn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan nípọn jù á máa pè yín ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nígbà tí dáì yín, irin tó ń tẹ kèèsì padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ò ṣe nǹkan kan. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn dáì nígbà tí kò tíì sí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù inú dáì tó ń la ọrùn bá ti jáde, ẹ ó rí i pé nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn ń jáde ló ti ń fa ọ̀pọ̀ ọrùn wọ́.