Ìdí Tí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ìjàpá Fi Dùbúlẹ̀

Ẹni tó bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá yóò rí fáànù àti bẹ́líìtì tó ń yí i lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò ní rí sìlíńdà (ihò irin tí epo ti ń jó) kankan, nítorí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, tí páànù pẹlẹbẹ sì bò wọ́n. Ẹ́ńjìnnì bọ́ksà ni. Ara ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni orúkọ náà ti wá: písítìnì (irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà) méjì tó kọjú síra máa ń jáde síta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì jọ padà wọlé, bí ìgbà tí afẹ̀ṣẹ́jà bá ń gbá ìkúùkù rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Karl Benz ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Jámánì, ní nǹkan bí 1896 sí 1897, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣì ń lo sìlíńdà kan ṣoṣo. Ìgbọ̀n ni ìyọnu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: bí písítìnì bá sáré dé òpin ọ̀nà rẹ̀ tó sì yí padà lójijì, yóò fa ẹ́ńjìnnì lọ síbi tó dorí kọ, gbogbo ara ọkọ̀ á sì máa mì. Nínú bọ́ksà, bí písítìnì ọ̀tún ṣe ń fà á sọ́tùn-ún ni ti òsì ń fà á sósì ní ìwọ̀n kan náà, tí agbára méjèèjì á fi pa ara wọn. Ìmì díẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́ kù, nítorí pé ọwọ́ kráńkì (irin tí àwọn písítìnì ń yí) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so mọ́, wọn kò sì dojú kọra gẹ́lẹ́.

Ohun tó mú un bá ọkọ̀ kékeré mu jùlọ ni pé ó kúrú. Sìlíńdà mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn ń fẹ́ kráńkì gígùn. Tí wọ́n bá pín sí ọ̀tún àti òsì, kráńkì á kúrú, á le, irin tí yóò gbà á sì kéré. Ẹnjiníà Hans Ledwinka lo onísìlíńdà méjì tí afẹ́fẹ́ ń tù nínú ọkọ̀ Tatra 11 ní 1923, Citroën sì lo tirẹ̀, tí kò ju 375 cc lọ (cc ni wọ́n fi ń wọn àyè inú sìlíńdà), nínú ọkọ̀ 2CV ní 1948. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn òṣìṣẹ́ Ferdinand Porsche dán oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì wò fún Ìjàpá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí èyí tí Franz Reimspiess yà, onísìlíńdà mẹ́rin tó jẹ́ 985 cc. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò lo omi rárá, nítorí náà kò sí ohun tí yóò dì nígbà òtútù tí yóò sì la ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹni tí kò ní ilé ọkọ̀ lọ́wọ́.

Afẹ́fẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìyẹ́ irin tó yí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ká ló ń gbé ooru síta, fáànù á sì máa ti atẹ́gùn gba àárín wọn. Nígbà tí wọ́n ń to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó láti 1975, ooru ilẹ̀ wa kò dí i lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí páànù tó bo sìlíńdà bá pé. Ẹni tó bá yọ páànù náà kúrò pé kí atẹ́gùn lè wọlé dáadáa ń ṣèpalára fún un ni, torí pé páànù yẹn gan-an ló ń darí atẹ́gùn gba inú ìyẹ́. Sìlíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ jìyà ooru: ohun tó ń tu ọ́ìlì dúró lókè rẹ̀, ó sì ń dí atẹ́gùn rẹ̀ lọ́nà, títí tí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1971.