Ilẹ̀kùn tó ṣí sí àpáta: bí àṣẹ fáìlì ṣe ń ṣìnà nínú driver tó ń wọn ooru kọ̀ǹpútà

Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tí oòrùn bá ti mú páànù orí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́, fáànù inú kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Tó bá jẹ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ bí ooru náà ṣe tó á wọ inú /sys/class/hwmon, á ka temp1_input. Bó bá rí 71000, kó má ṣe jáyà: ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ló dúró fún dìgírì kan, dìgírì 71 ló ń wí.

Fáìlì yìí kò sí lórí dísìkì kankan. Bí èèyàn bá kà á, driver, ètò tó ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ló ń lọ bi chip tó ń wọn ooru léèrè tó sì ń mú èsì bọ̀ (kì í ṣe dírẹ́bà tó ń pe "Láfẹ́nwá, wọlé!" o). Iṣẹ́ méjì ló lè wà lẹ́yìn fáìlì bẹ́ẹ̀: show ń fi nǹkan hàn, store ń gba nǹkan wọlé. Show nìkan ni temp1_input ní, nítorí kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ooru. Temp1_max, tí í ṣe ààlà ìkìlọ̀, sábà máa ń ní méjèèjì.

Nọ́ńbà àṣẹ ló ń sọ ẹni tó lè ṣe kí ni: 4 fún kíkà, 2 fún kíkọ, 6 fún méjèèjì. Lẹ́yìn 0 ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kìíní jẹ́ ti ẹni tó ni fáìlì, èkejì ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta ti àwọn yòókù. 0444, gbogbo ayé lè kà, ẹnikẹ́ni ò lè kọ. 0644, gbogbo ayé lè kà, root (ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, tó ni fáìlì náà) nìkan ló lè kọ.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà náà. Ẹni tó ń kọ driver á da ìlà òkè kọ, á yí orúkọ padà, á gbàgbé àṣẹ. Bí 0644 bá wà lórí fáìlì tí kò ní store, ó dà bí ilé abẹ́ Olúmọ tí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí ògiri ẹ̀yìn: ṣí i, àpáta lo máa bá. Root á kọ nǹkan sí i, "Input/output error" ló máa gbà. Irọ́ burúkú nìyẹn, torí onítọ̀hún á rò pé chip ti kú, á máa tú ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan. Òdìkejì rẹ̀ ni 0444 lórí fáìlì tó ní store. Níbẹ̀, root gan-an á gba "Permission denied", nítorí sysfs, ètò tó ń gbé àwọn fáìlì inú /sys jáde, kì í gbójú fo àṣẹ fún un bí fáìlì lásán ṣe ń ṣe.

Chmod, òfin tí a fi ń yí nọ́ńbà àṣẹ padà, lè ṣí ti ẹ̀yìn yìí fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kú tó tún tàn, nọ́ńbà inú driver náà ló máa padà wá. Ti àkọ́kọ́, chmod ò lè dá store tí kò sí sílẹ̀.

Inú kóòdù ni àtúnṣe wà. Ó dáa kéèyàn yí 0644 sí 0444, ṣùgbọ́n DEVICE_ATTR_RO, gbólóhùn kóòdù tó ń ṣẹ̀dá fáìlì tí a lè kà nìkan, dáa jù ú lọ: òun fúnra rẹ̀ ló ń fi 0444 sí i, show nìkan ló sì ń bèèrè, kò sáyè àṣìkọ. Nínú àwọn driver tuntun, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ is_visible ló ń dá àṣẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan padà. Bó bá dá 0 padà, fáìlì náà ò ní yọjú rárá, èyí tó wúlò fún chip tí kò lè darí fáànù.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tún driver kọ́, kí wọ́n fi ls -l wo àṣẹ tó wà lórí fáìlì, kí root sì dán kíkọ wò lórí temp1_input. "Permission denied" ló yẹ kó jáde lójú ẹsẹ̀, kí driver tó gbọ́ rárá.