Gran Turismo: Géèmù Tó Kọ́ Wa Ní Bíréèkì

Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí a máa ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé ní ẹ̀gbẹ́ Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú Òde. Mẹ́ta jẹ́ ti bọ́ọ̀lù. Ìkẹrin, èyí tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa díẹ̀ tí a fẹ́ràn ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú Òde sí Ìbàdàn wọlé, ó wá pe ọmọ rẹ̀ kí ó wá jẹun. Ọmọ ní ó ku díẹ̀. Bàbá dúró sẹ́yìn àga wa, ó ń wo bí ọkọ̀ mi ṣe ń já sínú koríko ní kọ́nà kan náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta.

“O ti wà nínú kọ́nà kí o tó rántí bíréèkì,” ni ó wí. “Tẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Tú u sílẹ̀ kí o tó yí sitíárìn.”

Mo ní, “Ẹ ṣé sà.” Mo ṣe bí ó ti wí, ọkọ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Bàbá yìí kò fọwọ́ kan páàdì géèmù rí láyé rẹ̀. Ọgbọ́n ojú títì Ìbàdàn ló fi tọ́ mi sọ́nà, ọgbọ́n náà sì ṣiṣẹ́ nínú géèmù. Gran Turismo ni géèmù yẹn, bí wọ́n sì ṣe ṣe é tí ọ̀rọ̀ awakọ̀ èrò fi lè ṣẹ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Jàpáànù kan tó ń jẹ́ Kazunori Yamauchi ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n bí i ní Kashiwa, ìlú kan tí kò jìnnà sí Tokyo, láti kékeré sì ni ìfẹ́ ọkọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó fi máa ríṣẹ́ sábẹ́ Sony, géèmù ọkọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Namco ní Jàpáànù ti ṣe Pole Position ní 1982, wọ́n tún gbé Ridge Racer jáde ní 1993. Àwọn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ inú wọn kò wúwo. Ìwọ ṣáà tẹ iná, kí o yí ọwọ́, ọkọ̀ á máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ gba kọ́nà. Àwọn kan ti gbìyànjú òótọ́ ṣáájú: Geoff Crammond ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe Revs ní 1984 lórí kọ̀ǹpútà BBC Micro, ilé iṣẹ́ Papyrus ní Amẹ́ríkà náà sì ṣe géèmù Indianapolis 500 ní 1989. Ọkọ̀ eré ìje ni tiwọn, irú èyí tí èèyàn kì í bá pàdé lójú títì. Ọkọ̀ tí bàbá ẹni ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni Yamauchi fẹ́. Ó fẹ́ kí èèyàn lè ra irú rẹ̀ nínú géèmù, kí ó tún un ṣe, kí ó sì mọ̀ ọ́n wà.

Láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. PlayStation fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ géèmù Sony tí wọ́n ń ṣe é fún, kò tíì jáde nígbà náà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1994 ló jáde ní Jàpáànù. Géèmù tí ẹgbẹ́ Yamauchi kọ́kọ́ fi síta ni Motor Toon Grand Prix, ọkọ̀ bíi ti àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn ọmọdé, wọ́n sì ṣe èkejì rẹ̀ ní 1996. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí ni Gran Turismo ti ń dàgbà. Ọdún 5 gbáko ló gbà. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ èèyàn 5 péré ló wà nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ibi ìrántí tó tóbi jù nínú PlayStation kò ju mẹ́gábáìtì 2 lọ, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣírò ohun tí ọkọ̀ ń ṣe, kí ó tún máa ya àwòrán rẹ̀. Kí ló wá ń ṣírò? Ẹ rántí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ìyá tó jókòó lẹ́yìn á na ọwọ́ gbá àga iwájú mú, apẹ̀rẹ̀ tòmátò á yí lọ síwájú. Bí èrò ṣe rọ́ síwájú ni ìwúwo ọkọ̀ náà rọ́ síwájú. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí o bá wá ṣẹ́ kọ́nà ní àkókò yẹn, ìdí ọkọ̀ lè sá kúrò lábẹ́ rẹ, kí o máa pòòyì. Bí o bá sì tẹ bíréèkì jù, táyà iwájú á lo gbogbo agbára rẹ̀ fún dídúró, kò ní sí èyí tó kù tó máa fi yà. Títọ́ ni yóò máa lọ, bí o tilẹ̀ yí sitíárìn dópin. Ohun tó ń gbé mi wọ koríko nìyẹn, òun náà sì ni bàbá rí.

Wọ́n tún ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ tí ẹ̀ńjìnnì ń yí. Honda Prelude, tó jẹ́ iwájú ló ń fà á, máa ń kọ̀ láti yà bí o bá ti tẹ iná jù. Mazda RX-7, tó jẹ́ ẹ̀yìn ló ń tì í, á fi ìdí rẹ̀ gbọ̀n ọ́ nù. Nissan Skyline GT-R ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ilẹ̀ mú. Ọmọdé tí kò tíì jókòó sẹ́yìn sitíárìn rí bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa nǹkan wọ̀nyí ní Ìtòrò, bí ẹni pé mẹ́káníìkì ni.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1997 ni géèmù náà jáde ní Jàpáànù, oṣù Karùn-ún 1998 ló sì dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Nǹkan bí ọkọ̀ 140 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ilé iṣẹ́ wọn sọ wọ́n. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé a mọ àwọn ọkọ̀ náà. Nissan Primera wà níbẹ̀. Honda Accord wà níbẹ̀, Mitsubishi Galant náà wà níbẹ̀. Wọ́n fún ọ ní 10,000 owó géèmù ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò sì tó ra ọkọ̀ tuntun tó dára, nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ni o máa lọ. Tòkunbọ̀ nínú géèmù! Inú wa dùn débi pé a ń pe orúkọ wọn bí ẹni pé a ti dé ọjà ọkọ̀. Nǹkan kan péré ló yàtọ̀: ọwọ́ òsì ni Jàpáànù ń gbà lójú títì, bí àwa náà ti ń ṣe kí Nàìjíríà tó ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972.

Kí o tó lè wọ ọ̀pọ̀ ìdíje, o gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì. Mẹ́ta ni wọ́n, B, A àti ti àgbáyé, ìdánwò 8 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn kò lé ẹnikẹ́ni bá: gbéra, sáré, kí o dúró láàárín ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀. Mo ka èyí sí ibi tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ Yamauchi. Dídúró ló fi ṣe ìlẹ̀kùn géèmù eré sísá.

A dá owó jọ ra mẹ́mọ́rì kádì kan, èyí tó ń tọ́jú ibi tí a bá géèmù dé, ẹni mẹ́ta ló ni ín. Iná máa ń lọ kí a tó fi ìje pamọ́, ìyẹn sì ń dùn wá dé ọkàn, nítorí owó ọkọ̀ ló bá iná lọ.

Ní àgbáyé, ó tà ju mílíọ̀nù 10 lọ. Kò sí géèmù PlayStation àkọ́kọ́ tó tà tó o. Àléébù rẹ̀ wà. Ọkọ̀ kì í bàjẹ́ bó ti wù kó forí sọ ògiri tó, a sì kọ́ bí a ṣe ń fi ara gbá ògiri kí ọkọ̀ lè yà kíá. Àwọn ọkọ̀ tó ń bá ọ sáré máa ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo bíi rélùwéè. Síbẹ̀, ní 1999, Gran Turismo 2 gbé ọkọ̀ bíi 650 wá, lórí sídíì méjì. Ní 2008, Nissan àti Sony bẹ̀rẹ̀ ìdíje GT Academy, wọ́n ń mú ẹni tó mọ géèmù náà lọ sí pápá eré gidi. Lucas Ordóñez, ọmọ Sípéènì, ló kọ́kọ́ gbà á. Ní 2011, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ kan náà ṣe ipò kejì ní LMP2, ọ̀wọ́ ọkọ̀ eré ìje kan, nínú ìje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé.

Bàbá awakọ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní kí a wá Peugeot 504 fún òun. Kò sí. Ó mú Primera. A gbé e sí ìdánwò àkọ́kọ́, a fi bọ́tìnnì bíréèkì hàn án. Ó kọjá ìlà lẹ́ẹ̀kíní, ó kù díẹ̀ kí ó dé ìlà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró sí àárín gbùngbùn, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Ó gbé páàdì fún ọmọ rẹ̀, ó ní ó tó, oúnjẹ ti ń tutù.