Àfiyèsí àti Ìmọ̀lára

Àfiyèsí ni bí ọpọlọ ṣe ń ṣa nǹkan kan yàn nínú ọ̀pọ̀ tó ń wọ ojú àti etí. Ìmọ̀lára ni kí ènìyàn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ń rí i tàbí òun ń gbọ́ ọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ń jiyàn lé lórí ni bóyá ọ̀kan lè wà láìsí èkejì.

Ẹni tó ń ná iṣu ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, lè má mọ ohunkóhun nínú ohun tí ẹni tó ń fi sípíkà polówó àgbo jẹ̀dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ láàárín ariwo yẹn, ó lè yíjú padà lójijì. Ní 1953, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Colin Cherry, sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí etí méjèèjì àwọn ènìyàn, ó ní kí wọ́n máa tún ti etí kan sọ. Wọn kò lè sọ ohun tí etí kejì gbọ́. Nígbà tí Neville Moray ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní 1959, tó fi orúkọ àwọn tó ń dán wò sí etí kejì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn péré ló gbọ́ ọ.

Ti ojú tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1999, Daniel Simons àti Christopher Chabris ní kí àwọn ènìyàn ka iye ìgbà tí àwọn kan nínú fídíò ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ẹnì kan tó wọ aṣọ ìnàkí gba àárín wọn kọjá, ó tilẹ̀ lu àyà. Nǹkan bí ìdajì àwọn òǹwòran kò rí i. Bákan náà ni awakọ̀ tí ọkàn rẹ̀ wà lára fóònù ṣe lè wo ọ̀kadà tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹkùn kó má rí i. Yorùbá kúkú ti ya “wò” sọ́tọ̀ kúrò lára “rí” tipẹ́.

Ṣùgbọ́n àfiyèsí lè wà láìsí ìmọ̀lára. Robert Kentridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ farapa, tí kì í rí apá kan ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Àmì tí wọ́n fi sí apá tí kò rí yẹn ń darí àfiyèsí rẹ̀, ó ń mú kí ó tètè dáhùn sí ohun tí wọ́n bá fi síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ní 2007, Christof Koch àti Naotsugu Tsuchiya sọ pé iṣẹ́ ọpọlọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Jesse Prinz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò orí, kò gbà: lójú tirẹ̀, ibi tí àfiyèsí kò bá dé, ìmọ̀lára kò lè dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Prinz yìí ló ṣòro jù láti dán wò, torí pé bí a bá ti bi ènìyàn pé, “Kí lo rí?”, a ti darí àfiyèsí rẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn.