Kí Ẹ Tó Sanwó Alùpùpù Àlòkù

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo alùpùpù àlòkù, ẹ má sọ aago tẹ́ ẹ máa dé fún ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ kàn ní àárọ̀ lẹ ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè jí lọ. Kẹ́ ẹ tó kí i tán, ẹ ti fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì (kì í ṣe sáyílẹ́ńsà o, ìyẹn lè bó yín lọ́wọ́). Tó bá ti gbóná, ẹnì kan ti ṣáná sí i sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ jí láàárọ̀, ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ló sì máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Tó bá ti gbóná tán, ohùn rẹ̀ á rọ̀, èéfín rẹ̀ á dín kù, ẹ ò ní mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ ní kó pa á, kẹ́ ẹ wá ibì kan jẹun sí, kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Tó bá ní òun ò lè dúró, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké, láti cc 100 sí 150, ló kún ṣọ́ọ̀bù mi: Bajaj Boxer ló pọ̀ jù, TVS tẹ̀ lé e, Honda ACE CB125 tí wọ́n tò ní Ọ̀tà náà ń wá, Jincheng AX100 tó ti darúgbó ò sì tíì tán nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi pé kí n tẹ̀ lé àwọn lọ wo àlòkù kì í ṣe ọlọ́kadà. Tíṣà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà ni wọ́n. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, owó ọkọ̀ wíwọ̀ ti ga ju ohun tí owó oṣù wọn lè gbé lọ, alùpùpù tuntun náà sì ti kọjá ọwọ́ wọn. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ ra èyí tó dọ̀tí, kẹ́ ẹ fi èyí tó ń dán sílẹ̀.

Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó ń kun máṣíìnì lọ́dà nítorí pé ó fẹ́ràn ẹni tó máa rà á. Ọ̀dà tuntun máa ń bo ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin mọ́lẹ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi fọ ẹ́ńjìnnì ti nu gbogbo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò kúrò. Eruku ní tirẹ̀ kì í parọ́. Eruku gbígbẹ lára ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ò jò níbẹ̀. Eruku tó ti di ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ sìlíńdà, gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti lọ. Tó bá wá jẹ́ pé kíkùn ni wọ́n kùn ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọrùn rẹ̀, níbi tí hándù ti ń yí, àti ibi tí irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ti so mọ́ ara. Ibẹ̀ ni ìjàm̀bá máa ń fi ojú jíjó sí.

Àwọn tó ń tà á ní ọ̀rọ̀ tiwọn. “Tíṣà ló ń lò ó, ilé ìwé sí ilé nìkan ni.” Ti ẹnì kejì, pásítọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá gba gbogbo wọn gbọ́, kò sí alùpùpù kan tó gbérò rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lè rin 100 kílómítà lójúmọ́. Tó bá fi 300 ọjọ́ ṣe é lọ́dún, 30,000 nìyẹn. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kílómítà 10 sílé, agbára káká ni yóò fi rin 6,000. Mítà iwájú ò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín, torí wáyà kan ṣoṣo ló ń yí i, ẹnikẹ́ni ló sì lè yọ ọ́. Ibi tí ara èèyàn ti ń kan irin lẹ máa wò: rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀, pẹ́dàlì bíréèkì, rọ́bà kíìkì, ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ìtẹ̀sẹ̀ èrò pàápàá. Ti tíṣà kì í jẹ, torí òun nìkan ló ń gùn ún. Kẹ́ ẹ sì wo àwọ̀ tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn: búlúù ni ti àdáni, pupa ni ti akérò.

Ọdún tí wọ́n ṣe é náà, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni wọ́n tẹ̀ sára irin ọrùn máṣíìnì; òun ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà ṣásí. Ti Bajaj máa ń fi MD2 bẹ̀rẹ̀, ti TVS máa ń fi MD6, àwọn tó ti Ṣáínà wá máa ń fi L. Lára Bajaj, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: K ni 2019, L ni 2020, M ni 2021, N ni 2022, P ni 2023, R ni 2024. Ẹ kà á níwájú ẹni tó ní “2023 ni o, ọ̀gá”, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀, torí òun ló ń kó owó lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fẹsẹ̀ tẹ kíìkì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfi agbára sí i. Ó yẹ kó débì kan kó taku, kó máa ti ẹsẹ̀ yín padà. Atẹ́gùn tí písítìn fún pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá lọ wọ̀ọ̀ dé ìsàlẹ̀, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì tó yí písítìn ká tàbí ojú fáàfù sá lọ.

Ẹ wá ṣáná sí i, kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èéfín tó yọ bó ṣe jí, tó sì dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú kan, rọ́bà kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ fáàfù ló ti gbẹ, tí ọ́ìlì ń gbabẹ̀ kán sílẹ̀ lóru. Ìyẹn ò le, ẹ fi já owó rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń fún un níná, rìǹgì ti jẹ, bóyá inú sìlíńdà náà ti họ; písítìn, rìǹgì àti owó iṣẹ́ ló ń dúró dè yín. Èéfín dúdú ní tirẹ̀ ń sọ pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ: kábúrétọ̀ tó fẹ́ títò tàbí fílítà tó ti dí. Àtúnṣe ìyẹn ò tó nǹkan. Ẹ má fi òfin èéfín yìí dán AX100 wò o, torí ńṣe ni ọ́ìlì ń bá epo jó nínú tirẹ̀. AX100 tí kò bá rú èéfín rárá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ rí. Rọ́bà tín-ín-rín kan ń ti ara ẹ́ńjìnnì lọ síbi ilé fílítà. Ẹ fà á yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu rẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀ á máa jáde, ìyẹn dáa. Tó bá ń tu èéfín àti ọ́ìlì sí yín lọ́wọ́, rìǹgì ti lọ, bó ti wù kí ẹnu sáyílẹ́ńsà mọ́ tó. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó ki gan-an sínú ẹ́ńjìnnì kí èéfín lè sá pamọ́ títí owó á fi wọlé. Rọ́bà yìí ló máa ń tú wọn fó.

Ariwo náà ní oríṣi. Tíkí-tíkí láti òkè, fáàfù ló fẹ́ títò. Ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣéènì tàímìnì ni, ó ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n gbì, gbì, gbì tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, tó ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń fún un níná, kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìn dúró, ni; àfi kí wọ́n la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ẹ máa lọ. Bákan náà ni jíà kejì tó ń já kúrò fúnra rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbé èèyàn tẹ́ ẹ ń gun òkè. Ẹ gùn ún o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gùn ún fún yín.

Ohun tó kù lára rẹ̀ ò gba àkókò. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń gùn ún lọ, kó wò ó bóyá táyà méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ yí hándù. Tó bá ń há láàárín, bíáríǹgì ọrùn ti jẹ. Ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti yí sípírókẹ́ẹ̀tì ńlá ká. Tó bá gbéra kúrò lórí eyín rẹ̀ dáadáa, ẹ ṣírò owó ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Iná iwájú tó ń ṣe bàìbàì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbowó lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí nìyẹn láti ilé iṣẹ́.

Ìwé ni wọ́n máa ń fojú di, bẹ́ẹ̀ òun ló lè kó gbogbo owó yín lọ lọ́jọ́ kan. Rìsíìtì tí wọ́n fi rà á ní tuntun, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín àti láísẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ béèrè. Nọ́ńbà ṣásí àti ti ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu, kí lẹ́tà kan má yẹ̀. Ojú nọ́ńbà tí wọ́n ti fi fáìlì ha, ẹ má béèrè àlàyé. Tó bá ti Bẹ̀nẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìgólò wọlé láìní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, gbèsè tẹ́nì kan ò san ní ibodè ti dọrùn yín. Èyí tó wá wọ́pọ̀ jù ni ti ọlọ́kadà tó gbé máṣíìnì lọ́wọ́ olówó pẹ̀lú àdéhùn pé òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá tíì san tán, kò ní ohun tó ń tà. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni kẹ́ ẹ sanwó fún, kì í ṣe alágbàtà, kó sì fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ yí orúkọ padà lọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ẹ má fi sílẹ̀ dọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kọ́kọ́ ro ibi tẹ́ ẹ máa gùn ún dé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi Kóṣọ̀fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin kún un. Akérò lòfin náà ń bá wí, ṣùgbọ́n èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni gbówó lé àlàyé tó máa ṣe lójú títì.

Ẹ má fi gbogbo owó ọwọ́ yín ra máṣíìnì. Tó bá jẹ́ 500,000 náírà lẹ ní, ẹ wá èyí tí kò ju 400,000 lọ, kẹ́ ẹ fi ìyókù tún un ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ́ìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dànù, bí wọ́n tiẹ̀ ní àná làwọn pààrọ̀ rẹ̀. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì Boxer ti ń yí, torí náà ọ́ìlì mọ́tò míì lè mú kó máa yọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sára ike rẹ̀. Nínú ooru àti eruku tiwa yìí, èmi ò ní jẹ́ kó ju 1,500 kílómítà lọ kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ fílítà atẹ́gùn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ máa tú pulọ́ọ̀gì wò náà. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Ní ti táyà Boxer 100, atẹ́gùn psi 25 tó fún iwájú, 28 fún ẹ̀yìn, 32 tẹ́ ẹ bá máa gbé èèyàn. Ẹ ní kí fọkanáísà fi géèjì wọ̀n ọ́n, kó yé fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n máa fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má bi wọ́n bóyá ìkẹta wà. Ẹ pààrọ̀ ilé kọ́kọ́rọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì ra ṣéènì tó ki àti àgádágodo fún táyà ẹ̀yìn.